Rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi tí èmi àti àwọn ọmọ Praimárì 5 ṣe

Ìbéèrè ọmọ kan ló fa iṣẹ́ yìí. Mo ń kọ́ wọn nípa sátẹ́láìtì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé ọdún 2003 ni wọ́n gbé NigeriaSat-1 tiwa gòkè láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé bá nawọ́. Ó ní, "Àńtí, èèyàn tó bá fẹ́ fò sókè, ilẹ̀ ló máa fẹsẹ̀ tì. Tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti dé òkè lọ́hùn-ún tí ò sí ilẹ̀, tí ò sí afẹ́fẹ́, kí ló wá ń fẹsẹ̀ tì?"

Mo lanu láti dáhùn. Mo wá rí i pé ìdáhùn tó wà lẹ́nu mi, àkọ́sórí ni, mi ò tíì fojú ara mi rí i rí. Mo ní kó jẹ́ ká jọ wá a.

Ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n, ní Ìbàdàn níbí. Ohun tí a ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo kọ sílẹ̀ yìí, pẹ̀lú ibi tó ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, torí tíṣà tó bá fẹ́ dán an wò máa nílò ibi tó bàjẹ́ ju ibi tó dára lọ.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: àga ọ̀gá àti àpò iyanrìn

Mo yá àga ọ̀gá ilé-ìwé wa, èyí tó ní táyà kéékèèké lẹ́sẹ̀. Ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé jókòó sórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀, mo gbé àpò iyanrìn lé e nítan. Mo ní kó jù ú síwájú tagbáratagbára. Bí àpò ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni àga yí sẹ́yìn, ó tó ìgbọ̀nwọ́ kan lórí táìsì.

"Àńtí, mi ò ti nǹkan kan o. Mo kàn jù ú ni."

Mo ní, "Àpò yẹn lo tì."

Ó dákẹ́, ó wo àpò nílẹ̀, ó tún wo àga. Ó ní kí n jẹ́ kí òun tún un ṣe. Gbogbo kíláàsì ló gun àga yẹn lọ́jọ́ náà, a ò ka ìwé kankan mọ́ títí aago fi lù. Ohun tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá jù sílẹ̀ nídìí ló ń tì, ohun náà sì ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì padà. Newton ti tẹ òfin yẹn jáde láti ọdún 1687, ṣùgbọ́n orí àga ọ̀gá ni ó ti yé àwọn ọmọ mi.

Ó wá ku ohun tí a máa jù sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní kí a tú ẹ̀tù inú báńgà jọ sínú páìpù. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn ti ń rò ó nínú, nítorí náà mi ò jágbe mọ́ ọn, ìtàn ni mo sọ fún wọn. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń po ẹ̀tù fúnra wọn láti fi ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gé wọn lọ́wọ́, ó ń fọ́ wọn lójú. Ọkùnrin kan tó ń ta bàtà ní ìlú Norfolk ní ìpínlẹ̀ Nebraska, Orville Carlisle, tó mọ̀ nípa iṣẹ́ iná aláràbarà, òun àti Robert arákùnrin rẹ̀ ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ní 1954, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá kékeré tí ẹ̀tù ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 1957 ó fi ránṣẹ́ sí G. Harry Stine, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá ní White Sands, pápá tí wọ́n ti ń dán rọ́kẹ́ẹ̀tì wò ní Amẹ́ríkà. Stine rí i pé ọ̀nà àbáyọ nìyẹn: kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo rọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kó má fọwọ́ kan ẹ̀tù. Títí dòní, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀: wọ́n ń ra ẹ́ńjìnì, wọ́n ń fi bátìrì tanná sí i láti òkèèrè.

Ẹ́ńjìnì yẹn ò sí ní ọjà tí mo mọ̀. Omi ló wà. Ike tí a rọ omi díẹ̀ sí, tí a wá fi pọ́ńpù fún afẹ́fẹ́ mọ́ ọn nínú: afẹ́fẹ́ máa fún omi jáde, omi máa ti ike. Ọmọ tó sọ̀rọ̀ báńgà ló kọ́kọ́ mú ike wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ike, àti Bàbá fọ́gánáísà

Ike tí wọ́n kó wá lé ní ogójì, oríṣi méjì ni. Ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà níbẹ̀, ti omi mímu náà wà níbẹ̀. Lójú ọmọdé, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ nìyí.

A kó ike méjèèjì lọ sọ́dọ̀ Bàbá fọ́gánáísà tó wà ní ìta ilé-ìwé. Mo ṣàlàyé fún un pé a fẹ́ mọ èyí tó lè gba afẹ́fẹ́ tí kò ní bẹ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kọ́kọ́ rọ omi kún un fọ́fọ́ ná. Afẹ́fẹ́ nìkan tó bá bẹ́, ìbọn ni." Òótọ́ ló sọ, bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń dán sílíńdà gáàsì wò ṣe ń ṣe é. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún mọ́ra, bí ike bá ya, gbogbo ohun tí a fún mọ́ra yẹn á tú jáde lẹ́ẹ̀kan. Omi ò ṣeé fún. Bí ike tó kún fún omi bá ya, á kàn jò sílẹ̀ ni.

A fi aṣọ àpò bo ike, a sún àwọn ọmọ sẹ́yìn, Bàbá sì ń pe géèjì rẹ̀. Ike omi mímu ò tíì dé 60 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tí géèjì ń kà) tí ìdí rẹ̀ fi yọ síta bí ìdodo, tó sì là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò gba 60, ó gba 70, ó gba 80, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ká tó ìṣẹ́jú márùn-ún, kò ṣe bí ẹni pé nǹkan ṣe é. Mo yí ìdí rẹ̀ han àwọn ọmọ: ẹsẹ̀ márùn-ún tó rí róbótó, tó tẹ̀ wọnú láàárín. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí gáàsì inú ọtí má baà tì í jáde. Ike omi, ìdí rẹ̀ tẹ́jú, ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọmọ kan nínú wọn tó tún fi ike omi lọ̀ mí.

A fẹnu kò sí 50. Ohun tó dúró ní 80 nígbà tó kún fún omi, 50 la ó fi gbé e fò, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ike tó bá ti ní ìlà funfun níbi tó ti ṣẹ́ po, tàbí tó ti ha, a ò ní lò ó. A ò ní fi sínú oòrùn. Gọ́ọ̀mù gbígbóná ò gbọ́dọ̀ kan ara rẹ̀, mo ti fi ọ̀kan dán an wò nílé, ibi tó kàn rọ̀, ó sì sún kì bí awọ tí iná rà. Sẹ́lótéèpù fífẹ̀ la fi lẹ gbogbo nǹkan.

Ọ̀sẹ̀ kejì: róbà sílípáàsì, àti ìdí tí mo fi dá a dúró

Ohun tí rọ́kẹ́ẹ̀tì á ti fò, ìyẹn ló gba iṣẹ́ jù. Mo ti rò pé rọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni.

Èyí tí a kọ́kọ́ ṣe, ọ̀nà tó rọrùn ni. A gé róbà sílípáàsì àtijọ́ roboto roboto, a tò ó léra títí ó fi wọ ọrùn ike pinpin, a wá ki fáàfù túùbù kẹ̀kẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí a bá fún un ní afẹ́fẹ́ tó, á já kúrò lórí róbà, á fò. Ó fò lóòótọ́. Àwọn ọmọ pariwo débi pé Praimárì 4 sá jáde.

Ṣùgbọ́n róbà yẹn ló ń yan ìgbà tó máa fò. Ní àkọ́kọ́ ó já ní 25. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, 38. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó gbà dé 40, kò lọ, ọmọkùnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ wò ó pé kí ló dé. Ìgbà yẹn ló já. Ó gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, omi sì bo gbogbo ojú rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bá a rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú páálí, mo ní ó parí fún òní.

Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kejì pé ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tó lè fò nígbà tó bá wù ú, a kì í kó ọmọ yí i ká. Ẹni tó wà lókèèrè ló gbọ́dọ̀ pinnu ìgbà tó máa fò.

Sátidé: páìpù, káábù táì àti okùn

Mo mú ike kan lọ́wọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta páìpù omi, mo ń ki páìpù wọ ọrùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi rí PVC kan tó wọlé láìfún, láìmì. Mo gé e gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Lórí rẹ̀ mo fi òrùka róbà kan, irú èyí tó wà nínú ẹnu ẹ̀rọ omi, mo sì we téèpù sókè àti sísàlẹ̀ rẹ̀ kó má baà yẹ̀. Òrùka yẹn ló ń dí afẹ́fẹ́. Mo dí ìdí páìpù pa, mo sì gbé fáàfù túùbù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tó ń di ike mú ni okùn oníke tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń di wáyà jọ, tí wọ́n ń pè ní káábù táì. Mẹ́jọ ni mo tò yí páìpù ká, orí wọn dojú kọ òkè. Ẹ wo ọrùn ike dáadáa: òrùka kan yọ síta nísàlẹ̀ ibi tí ìdérí máa ń wà. Orí káábù táì ló ń kọ́ òrùka yẹn mú. Mo wá wọ páìpù tó nípọn kúkúrú kan láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ó fún gbogbo orí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́ra. Bí a bá fi okùn fa páìpù kúkúrú yẹn wálẹ̀, àwọn orí náà á ṣí, ike á lọ. Bí a ò bá fà á, kò níbi tó ń lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fún un ní afẹ́fẹ́, géèjì ń padà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo gbé e lọ fún Bàbá fọ́gánáísà. Ó fi ọṣẹ ṣe fóòmù, ó fi í ra gbogbo oríkèé. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ kì í purọ́. Ibi tó bá ti ń jáde, á hó." Ìdí fáàfù ló ti hó. Ó tún un dè, ó kọ̀ láti gbowó lọ́wọ́ mi, ó ní ṣùgbọ́n kí n má gbàgbé láti pe òun lọ́jọ́ tó bá máa fò.

Mo kan gbogbo ẹ̀ mọ́ pákó kan. Rọ́bà pọ́ńpù gùn tó mítà mẹ́rin, okùn sì tó mítà mẹ́wàá. Èmi nìkan ni mo ń fún un ní afẹ́fẹ́, pẹ̀lú gíláàsì funfun tí àwọn wẹ́dà fi ń bo ojú. Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn ìlà ṣọ́ọ̀kì. Ọmọ tó mú okùn lọ́wọ́ ló ń kà, òun nìkan ló sì láṣẹ láti dá a dúró. Tí kò bá fò lẹ́yìn tí a fà á, ẹnì kankan ò ní sún mọ́ ọn títí màá fi tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ láti ibi pọ́ńpù.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: ìyẹ́ àti orí

Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, rọ́kẹ́ẹ̀tì méje. Páálí ni wọ́n fi gé ìyẹ́ ní àkọ́kọ́, ó rẹwà, wọ́n kun ún ní ọ̀dà. Lẹ́yìn ìfò kan ṣoṣo, omi ti sọ ọ́ di ẹ̀kọ. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta òróró ló mú kẹ́ẹ̀gì tó ti fọ́ wá, a sì gé gbogbo ìyẹ́ láti ara kẹ́ẹ̀gì. Ìyẹn ò bàjẹ́ mọ́.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló lọ tààrà. Mélòó kan dé òkè díẹ̀, wọ́n takìtì, wọ́n sì jábọ́. Mo béèrè ibi tí ọfà ti wúwo. Ọ̀pọ̀ ò rí ọfà rí, ṣùgbọ́n ọmọ kan tí bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ ní Òkè-Ògùn ní orí ni, irin ló wà lórí, ìyẹ́ ló wà nídìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Afẹ́fẹ́ tó ń gbá ìyẹ́ nídìí ló ń fa ìdí sẹ́yìn, ìwúwo orí ló ń ṣáájú. Bí orí bá fúyẹ́, ìdí á fẹ́ ṣíwájú, rọ́kẹ́ẹ̀tì á yí po.

A fi amọ̀ sí orí wọn, lábẹ́ fìlà tí a fi páálí ṣe tí a we ní téèpù. Láti dán an wò, wọ́n so okùn mọ́ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti dọ́gba lórí ìka, wọ́n fi í yí lókè orí bí ẹni ń ju kànnàkànnà. Èyí tó bá fi orí ṣáájú ti dára. Èyí tó bá fi ìdí ṣáájú, ẹ fi amọ̀ kún un.

Níbí ni ìjà ti ṣẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ kan fi amọ̀ kún orí, wọ́n sì tún pààrọ̀ ìyẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ó fò dáadáa. Àwọn méjì ní amọ̀ ló ṣe é, àwọn méjì ní ìyẹ́ ni, wọ́n ń bára wọn jà, wọ́n wá bá mi pé kí n dájọ́. Mi ò lè dá a. Kò sẹ́ni tó lè dá a. Mo ní kí wọ́n dá ìyẹ́ àtijọ́ padà, kí wọ́n fi amọ̀ sílẹ̀. Ó ṣì fò. Ọ̀rọ̀ parí, amọ̀ ni. Mo kọ ọ́ sórí bọ́ọ̀dù, "Ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan," mi ò sì nù ún títí di òní. Mo rò pé bí wọ́n bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù tí mo kọ́ wọn lọ́dún yìí, tí wọ́n rántí ìlà yẹn, mi ò ní ṣọ̀fọ̀.

Jímọ́ọ̀, pápá

Láti ọjọ́ kẹrin sí ìkẹwàá Oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n máa ń ṣe Ọ̀sẹ̀ Òfuurufú Àgbáyé, torí ọjọ́ kẹrin oṣù yẹn ní 1957 ni Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ láyé, gòkè. Jímọ́ọ̀ inú ọ̀sẹ̀ náà la mú. Òjò rọ̀ láàárọ̀, mo ti ń ronú ohun tí màá sọ fún wọn, nígbà tó di aago mẹ́wàá ó dá. Bàbá fọ́gánáísà ti mọ́tò ẹni tó ń dúró dè é tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá.

Ọ̀nà tí a fi wọn òkè: okùn tí nọ́ọ̀tì wà lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ àárín protractor, wọ́n sì lẹ páìpù báírò mọ́ etí rẹ̀ tó gún. Ọmọ máa dúró ní 30 mítà sí rọ́kẹ́ẹ̀tì, á fi ojú kan tẹ̀ lé e nínú báírò títí dé òkè pátápátá, á di okùn mú. Wọn ò tíì kọ́ tangent, ìṣirò tí a fi ń mọ gíga láti ara igun, nítorí náà a yà á sórí ìwé: sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà méjì, ẹ fa ìlà 15, ẹ gbé igun rẹ̀ (ìyàtọ̀ láàárín 90 àti iye tí okùn dúró lé), ẹ fi rúlà wọn gíga rẹ̀. Ẹ wá fi gíga ojú ọmọ náà kún un.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, 50 lórí géèjì, omi nìkan la ń yí padà. Láìsí omi rárá, ó dún "fìì!", kò ju mítà méje àbọ̀ lọ. Ìlàjì ike, mítà 19. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kò tó mítà mẹ́sàn-án, ó sì fi ọ̀pọ̀ omi inú rẹ̀ wálẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta: igun 38, mítà 24 àti ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti tẹ́nu mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ pé bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe ga tó. Mo rí ojú wọn bí wọ́n ti ń wo ìwé. Bí omi bá kún, àyè ò sí fún afẹ́fẹ́ tó máa tì í. Bí omi ò bá sí, kò sí ohun tó wúwo tí a máa jù sílẹ̀. Ọmọ orí àga ló sọ èyí kejì, kì í ṣe èmi: "Àńtí, bí ìgbà tí èèyàn ju àpò tí iyanrìn ò sí nínú rẹ̀ ni."

Mo sọ fún wọn nípa Robert Goddard, ní Auburn ní Massachusetts, ọjọ́ 16 Oṣù Ẹ̀rẹ̀nà 1926, ẹni àkọ́kọ́ tó fi epo àti ọ́síjìn olómi gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì fò. Ìṣẹ́jú àáyá méjì àti ààbọ̀ péré ló lò, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 12 àti ààbọ̀. Wọ́n ká a lórí ìka, wọ́n rí i pé gíga tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tirẹ̀, ariwo sọ. Mo jẹ́ kí wọ́n yọ̀ ná kí n tó ṣàlàyé ìdí tí ti Goddard fi ṣe pàtàkì.

Èyí tó ní paraṣúùtì, ọ̀rá búrẹ́dì ni wọ́n fi ṣe é, fìlà orí rẹ̀ ni kó ṣí fúnra rẹ̀ lókè. Nínú ìfò mẹ́fà, ó ṣí lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́ẹ̀kan yẹn, ó rọra ń bọ̀ lókè pápá, oòrùn ń gba inú ọ̀rá náà kọjá, tí a lè ka orúkọ búrẹ́dì ara rẹ̀ láti ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí ó fi balẹ̀. Òmíràn bà sórí páànù ilé-ìwé, ó ṣì wà níbẹ̀, a ń dúró de káfíńtà.

Ibi tó dé báyìí

Rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì. Mo ti pààrọ̀ káábù táì méjì tó ti rẹ̀, òrùka róbà ṣì dára. Ẹgbẹ́ ọmọbìnrin ẹ̀bá fèrèsé ti so ike méjì pọ̀, ìdí ọ̀kan mọ́ ìdí ìkejì, wọ́n ní afẹ́fẹ́ máa pọ̀ sí i. Ó ń jò ní oríkèé. Mo ti kọ̀ fún wọn láti fún un ní afẹ́fẹ́ kankan títí yóò fi gba 80 pẹ̀lú omi kíkún nínú rẹ̀ bíi ti yòókù. Bàbá fọ́gánáísà ní kí wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n sì mú ọṣẹ tiwọn dání.